Ewé Èkọ Lórí Ayùn

Ní Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Mapó, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Yésúfù Elétí. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Etí ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe dáadáa lọ fún àwọn mẹkáníìkì yòókù, sípánà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú. Yésúfù a jókòó sórí àpótí, a ní kí ẹni tí ó gbé e wá fa okùn rẹ̀ kí ó ké, a di ojú, a sì gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ̀rọ̀.

"Ebi afẹ́fẹ́ ń pa á," ni yóò wí. Tàbí, "Epo pọ̀ jù lọ́fun rẹ̀, kò rí ọ̀nà mí." Kì í sábà ṣì í.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni ó ń tún ṣe: ẹ̀rọ ìlọta àwọn obìnrin Ọjà'ba, ẹ̀rọ tí ń fa omi, alùpùpù, àti ayùn elẹ́ńjìnnì tí àwọn onígẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọ igbó lẹ́yìn ogun Hítílà. Nínú gbogbo ohun tí ó wà lára wọn, kábúrétọ̀ ni ó mọ̀ jù, ìyẹn ibi tí epo bẹntiróò ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó jọ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìlagi òyìnbó kan, ni ó ti kọ́ ọ. Yóò tú u sínú abọ́ epo, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ títí ìdọ̀tí yóò fi jáde. Tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ni ètè rẹ̀ ń bó nítorí epo yìí. Ìyàwó rẹ̀, Kúlúsúmù, a máa wí fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ọkọ tèmi ò lè mu sìgá láéláé. Ọjọ́ tó bá ṣáná sẹ́nu, Bẹ́yẹrúnkà jó nìyẹn."

Yésúfù ní ẹ́ńjìnnì ayùn ní ìmí méjì. Ìmí iṣẹ́ ni èyí tí ó ń mí nígbà tí ènìyàn bá fi ìka tẹ ohun ìtẹ̀ rẹ̀, tí ṣéènì ń sáré, tí eyín ṣéènì ń jẹ igi. Ìmí ìsinmi ni èyí tí ó ń mí nígbà tí ènìyàn bá tú ọwọ́ sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì kò kú, ṣùgbọ́n ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró. Bóòtù kékeré kan lára kábúrétọ̀ ni ó ń ṣètò ìmí kejì yìí. Bí a bá yí i wálẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa kú nígbàkígbà tí a bá tú ọwọ́. Bí a bá yí i sókè jù, ṣéènì kò ní í dúró mọ́. Yóò máa rìn lọ bí ẹni tí ń rìn lójú oorun.

Nítorí èyí ni kò ṣe sí ayùn tí ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ewé dán an wò. Ewé tí wọ́n fi pọ́n èkọ tí ó bá jẹ ní òwúrọ̀, kì í jù ú nù. Tí ó bá parí iṣẹ́, yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké títí yóò fi gbóná dáadáa, nítorí ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tútù a máa ṣe bí ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ọwọ́ sílẹ̀, tí yóò rọra tẹ́ ewé lé ṣéènì lórí. Bí ewé bá dúró láìya, ó di, "Ẹ máa gbé e lọ." Bí ó bá ya, bí ó tilẹ̀ ṣe bí orí èékánná, oníṣẹ́ yóò padà lọ jókòó. Àwọn onígẹdú mọ èyí mọ́ ọn. Ẹlòmíràn tí ó ń kánjú a tilẹ̀ ra èkọ lọ́wọ́ wá, a ní, "Ẹ tètè jẹ ẹ́, ká rí ewé lò."

Ọ̀rányàn ni ó ti fẹ́ Kúlúsúmù, ní agbo ilé àwọn mùsùlùmí kan tí wọ́n ti pẹ́ nídìí òwò àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìyàwó ní Ìbàdàn mọ̀ pé kì í ṣe bàbá àti ìyá ìyàwó nìkan ni ó di àna òun. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí tẹ̀lé ìyàwó, àna ni. Fàsásì, àbúrò Kúlúsúmù, fi ọdún mẹ́wàá kéré sí Yésúfù. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pàdé, Yésúfù ni í dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ojú ayé. Àyà rẹ̀ a kanlẹ̀, ìbáà ṣe ní oríta Bẹrẹ níbi tí èrò ti ń kọlu ara wọn.

"Ẹ dìde, Bọ̀dá Yésúfù," ni Fàsásì máa ń wí, tí yóò máa wo ọ̀tún wo òsì. "Wọ́n á rò pé mo gba nǹkan yín ni."

"Ẹ gbà á náà," ni Yésúfù máa ń dáhùn láti ilẹ̀. "Etí mi tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lẹ gbà." Wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Agégẹdú ni Fàsásì. Ó ń ṣiṣẹ́ fún Hezekiah, àgbà onígẹdú kan nínú ìjọ Aládùúrà, tí ó ní ibi ìlagi lẹ́yìn ìlú. Ayùn tí Hezekiah fi sí ọwọ́ Fàsásì ti gbó. Lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ń padà sílé ni ó ti rà á, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Abúramúramù.

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1958, Fàsásì gbé Abúramúramù wá sí Bẹ́yẹrúnkà. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti gbóná, tí òun bá tú ọwọ́ sílẹ̀, kíkú ni. Òun yóò wá máa fa okùn nígbà mẹ́wàá, nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó tó tún ké. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó fi èjìká hàn án. Ó ti wú. Yésúfù tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó sì fetí sí i títí. Ohun tí ó gbọ́ kò dùn mọ́ ọn. Inú ẹ́ńjìnnì náà ti jẹ. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Kò sí àtúnṣe tí ó lè ṣe é ju pé kí wọ́n ra òmíràn lọ.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀," ó wí.

"Ọ̀gá mi?" Fàsásì pariwo. "Ọ̀gá tó ń gbààwẹ̀ ọjọ́ méje kó tó ra táyà?" Ó yíjú sí àwọn oníbàárà tí ó jókòó. "Ẹ gbọ́ o! Odidi Kúlúsúmù la fún ọkùnrin yìí. A ò ní kó roko, a ò ní kó kọ́lé. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo la ní kó bá wa ṣe, ó ní ká lọ ra òmíràn. Ṣé kí n mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Yésúfù náà sì rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹlòmíràn ni, yóò ti gbé ayùn náà fún un pé kí ó máa lọ. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó lówó ju Hezekiah lọ. Ṣùgbọ́n àna ni ó béèrè, níwájú àwùjọ, ó sì jọ Yésúfù lójú pé ọkùnrin tí ó fẹ́ ọmọ wọn kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ fún wọn pé apá òun kò ká a. Fàsásì wọlé lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ó tó jáde, Yésúfù ti mú ìyíbóòtù, ó sì ti yí bóòtù kékeré náà sókè ní ìdajì.

Ó mọ ohun tí ó ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ṣéènì yóò dúró. Bí ó bá gbóná gan-an nínú oòrùn, ṣéènì kò ní í dúró. Ó rò ó pé òun yóò sọ fún Fàsásì kí ó máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n láti sọ ìyẹn, yóò ní láti sọ pé òun kò rí ayùn náà ṣe.

"Ewé ńkọ́?" ni Fàsásì bi í nígbà tí ó jáde.

Yésúfù fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Kò dúró kí ó gbóná. Ó tẹ́ ewé èkọ lé ṣéènì lórí, ewé náà kò sì mira.

"Àna rere!" Fàsásì gbá a lẹ́yìn. "Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é. Ẹ kàn ń ṣe ìyàngà fún wa ni." Ó gbé Abúramúramù lé èjìká tí kò wú, ó sì lọ. Yésúfù mú ewé náà, ó fún un pọ̀ mọ́ ọwọ́, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìròyìn dé. Ní ọ̀sán gangan, Fàsásì la igi ńlá kan já nínú igbó, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó sì rẹ ayùn náà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kí ó lè nu òógùn ojú. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àìmọye. Ní ọjọ́ náà ṣéènì kò dúró. Ó mú un ní ẹsẹ̀ òsì, lókè orúnkún. Nígbà tí ọkọ̀ gẹdú fi gbé e dé ìlú, ohun tí ó kù tí àwọn dókítà lè ṣe ni pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kí ẹ̀mí má bàa lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ fún àwọn tí ó yí ibùsùn rẹ̀ ká ni, "Mo ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá, mo ti tú ọwọ́ sílẹ̀."

Hezekiah kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó gbé Abúramúramù lọ sí Bẹ́yẹrúnkà fúnra rẹ̀, ó sì sọ inú rẹ̀ fún Yésúfù.

"Ọmọ náà ní òun ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kù ní ó ń kánjú ni. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ṣe é, kò kúrò lọ́dọ̀ mi títí ayé. Màá fi í ṣe olórí níbi ìlagi, á máa jókòó, á máa pàṣẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé kò fara balẹ̀ ni, mi ò lè fi aláìfarabalẹ̀ ṣe olórí ẹnì kan. Mo mọ̀ pé àna rẹ ni, Yésúfù. Ó lè wù ọ́ kó o gbè é. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ò ní fi ewé purọ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la, Bàbá," Yésúfù dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn aládùúgbò lọ kírun àsárì, òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó ti ayùn náà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ń rò ó bí òun yóò ṣe wọ Ọ̀rányàn, tí wọn yóò máa nawọ́ sí òun pé ẹni tí a fún ní ọmọ nìyí, ẹsẹ̀ ọmọ wa ni ó fi san án. Ó ń rò ó bóyá wọn yóò gba Kúlúsúmù padà. Ó mú ìyíbóòtù, ó sì yí bóòtù náà padà wálẹ̀ ní ìdajì, sí ibi tí ó yẹ kí ó wà tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àtúnṣe lásán ni òun ṣe.

Ní ọjọ́ kejì ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà ké lójú Hezekiah títí ó fi gbóná, bí ó ti máa ń ṣe. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó tẹ́ ewé èkọ. Ewé náà sùn lórí ṣéènì bí ọmọ ọwọ́ lórí ẹní. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi kú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé ni Hezekiah ń wò.

"Ó ṣe o," ni Hezekiah wí. "Ọmọ náà ló kánjú, àbí?"

Yésúfù kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń ká ewé náà ní mẹ́rin, ó tún ń tú u.

Báyìí ni ewé ṣe jẹ́rìí, tí ẹjọ́ sì parí. Fàsásì kò padà sí ibi ìlagi. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń rán fìlà, ó sì ń jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ọ̀rányàn, tí igi tí ó fi ń rìn fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó máa ń sọ fún ẹni tí ó bá béèrè pé òun ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ó ń sọ pé ó dà bí ẹni pé òun tú u sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹta, bí wọ́n bá bi í, yóò wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, yóò ṣí i, yóò pa á dé, yóò ní, "Ta ló mọ̀?"

Kò sí Iléyá tí Yésúfù kì í gbé itan àgbò lọ sí Ọ̀rányàn fúnra rẹ̀, kò sì sí oṣù tí kì í yà níbẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá dé, yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, a sì máa pẹ́ nílẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn àgbà obìnrin ilé a máa fi í kọ́ àwọn ọkọ ọmọ mìíràn lẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ wo Yésúfù," wọn a ní. "Àna tó ku ẹsẹ̀ kan, òun náà ló ń bọlá fún jù." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń gún un débi pé kì í lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀.

Kò gba ayùn mọ́. Bí àwọn onígẹdú bá dé, yóò ní etí òun kò dá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Hezekiah ta Abúramúramù fún àwọn tí ń ra irin jíjẹrà, Yésúfù tọrọ kábúrétọ̀ rẹ̀ nìkan, ó sì fi í sínú agolo lábẹ́ àpótí tí ó ń jókòó lé. Kò lò ó fún ohunkóhun. Hezekiah kú ní ọdún 1962.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹbí Ọ̀rányàn pe ìpàdé. Ẹni tí ń ṣe àkóso oko kòkó wọn ti di arúgbó, wọ́n sì fẹ́ yan ẹlòmíràn. Fàsásì ni ó kàn. Àkíbù, mọ́gàjí agbo ilé náà, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá Fàsásì àti Kúlúsúmù, ni ó jókòó sáàárín. Wọ́n pe àwọn ọkọ ọmọ pẹ̀lú, Yésúfù sì wà nínú wọn, ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Gàfárù, àbúrò Fàsásì lọ́dọ̀ bàbá, ni ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tó kù. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ rí wọn fín. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tí ò lè ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ṣé oko ẹbí ni yóò lè bá wa ṣọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín kékeré. Fàsásì wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Nígbà náà ni Yésúfù dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wá sáàárín, ó sì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Fàsásì ò jẹ̀bi. Èmi ni mo yí bóòtù ayùn náà sókè, n kò sọ fún wọn. Nígbà tó ṣe wọ́n tán, mo yí i padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Wọ́n ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Èmi ni." Ó fa kábúrétọ̀ Abúramúramù, tí ó ti mú kúrò nínú agolo wá, yọ láti àpò, ó tú àkísà ara rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ lórí ẹní. "Bóòtù náà nìyí."

Kábúrétọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnì kan mì í létí. Gàfárù gbé e sí imú, ó ní ó ń rùn bí epo. Bóòtù náà wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà, nítorí Yésúfù ni ó yí i síbẹ̀. Kò sí ohun tí irin náà lè bá a sọ.

Àkíbù ni ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ rí i bí?" ó wí fún ìjókòó. "Ẹ rí ọkọ ọmọ? Ọkùnrin yìí gbà kí wọ́n máa pe òun ní apanilẹ́sẹ̀ kí ojú má bàa ti àna rẹ̀. Wọ́n fi ewé dán ayùn yẹn wò lójú Hezekiah, gbogbo ìlú ló gbọ́. Dìde, Yésúfù. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga. Àwọn ọmọ rẹ náà yóò rí àna rere."

"Bàbá, òótọ́ ni mo sọ!"

"Àmín," ni àwọn ìyá inú ilé dáhùn sí àdúrà mọ́gàjí. Kúlúsúmù wà nínú wọn. Òun nìkan ni kò ṣe àmín. Ojú ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò.

Gàfárù ni wọ́n fún ní oko náà.

Ní ọjọ́ kẹta, Fàsásì fi igi rẹ̀ rìn láti Ọ̀rányàn dé Bẹ́yẹrúnkà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò ti wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí. Yésúfù rí i, ó sáré jáde, ó sì ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nígbà tí Fàsásì na igi náà síwájú, tí ó fi dá a dúró.

"Ọ̀rọ̀ yẹn," ni Fàsásì wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni, àbí bí ẹ ṣe sọ ọ́?"

"Bí mo ṣe sọ ọ́ ni."

"Mo tú ọwọ́ sílẹ̀."

"Ẹ tú u sílẹ̀."

Fàsásì ṣí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ tó sọnù padà fún, tí ó ti gbó. "Ọdún mẹ́fà," ó wí. "Nígbà tí wọn ì bá gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, ẹ kò rí i sọ. Ẹ wá sọ ọ́ nígbà tí ẹ ti dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà á gbọ́ mọ́."

Yésúfù ní kí ó jẹ́ kí wọ́n jọ padà lọ bá mọ́gàjí. Fàsásì mi orí. "Ohun tí wọ́n máa sọ náà ni pé àna rere ni yín." Ó gbé igi sábẹ́ abíyá, ó yí padà. Kí ó tó lọ, ó ní, "Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́."

Nígbà Iléyá ọdún náà, Yésúfù gbé itan àgbò lọ sí Ọ̀rányàn bí ó ti máa ń ṣe. Fàsásì wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rán fìlà. Àwọn ará ilé ń wò, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti máa rí i bí ọkọ ọmọ yìí ṣe máa ń kí àna rẹ̀. Yésúfù gbé ẹran náà sílẹ̀. Ó tẹ orúnkún bí ẹni tí ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó sì tún nà án. Ó dúró bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kò dọ̀bálẹ̀, kò sì lè lọ, títí Kúlúsúmù fi wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ó sì mú un wọlé.